Líle Kọ́ Ló Ń Mú Wífọ́ọ̀nù Pẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí obìnrin tó bá ti jókòó níwájú onídìrí rí kò lè sọ pé òun kò gbọ́: "Fara dà á. Bí kò bá le, kò ní pẹ́." Onídìrí á sọ ọ́, ìyá tó mú ọmọ wá á tún un sọ, oníbàárà tó ń dúró de ìgbà tirẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì á sì mi orí sí i. Omi á ti lé ròrò sójú ẹni tí wọ́n ń dì lórí. Ìpéǹpéjú rẹ̀ á fà sókè, ẹ̀rín á ṣòro, ọrùn á gan. Tó bá délé, á lo oògùn ẹ̀fọ́rí méjì, á sì dojú dé ìrọ̀rí sùn, nítorí kò sí ibòmíràn tó lè gbé orí lé. Lọ́jọ́ kẹta tí ara bá rọ̀ ọ́, á máa yin onídìrí náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ó mọ iṣẹ́, pé ọwọ́ rẹ̀ le. Èmi náà ti jókòó lórí àga yẹn. Mo ti gbé oògùn náà mì, mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fa orí mi.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tù wá nínú yẹn kò jẹ́ òótọ́. Líle kò fi ọjọ́ kan kún iye ọjọ́ tí wífọ́ọ̀nù ń lò lórí. Kò mú un jọ irun ẹni. Ìdí irun tí wífọ́ọ̀nù náà rọ̀ mọ́ ni líle ń jẹ, díẹ̀díẹ̀, títí ibi tí irun ti ń hù níwájú orí á fi di pápá tó ṣófo. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà, tó sì ń ti ẹnu àwọn tí a bọ̀wọ̀ fún jáde, ó yẹ ká tú u wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tó gbà á gbọ́, nítorí ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ti rí wífọ́ọ̀nù tí a dì dẹ̀rẹ̀ tó ń yí kiri lórí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n sì ti rí èyí tí a dì le tó dúró gbọn-in fún oṣù kan. Ohun tí wọn kò yà sọ́tọ̀ ni pé onídìrí tó ń fa irun le, lọ́pọ̀ ìgbà, ló tún ń ya irun dọ́gba, tó ń dì í wẹ́wẹ́, tó sì ń rán an súnmọ́ra. Ẹni tó ń dì í dẹ̀rẹ̀, ìwàǹwára ló sábà máa ń bá iṣẹ́ rẹ̀ rìn. Ìyàsọ́nà dáadáa àti ìránpọ̀ tó gún ló ṣe iṣẹ́ náà. Líle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló gba ìyìn. Bí a bá gba líle náà kúrò tí a fi ìyókù sílẹ̀, wífọ́ọ̀nù náà kò ní kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà nínú bí irun ṣe ń hù. Láti ìdí ni irun ti ń hù, kì í ṣe láti ṣóńṣó. Ìlà irun tí a dì mọ́lẹ̀ lónìí á máa gòkè kúrò lórí awọ orí lójoojúmọ́, bí irun tuntun ṣe ń ti abẹ́ rẹ̀ jáde. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 lórí irun àwọn ènìyàn adúláwọ̀ fi hàn pé irun wa ń hù tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin mìlímítà kan lóòjọ́. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọ̀sẹ̀ 6 jẹ́ ọjọ́ 42, irun á sì ti fi díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Lọ́sẹ̀ 8, á ti tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ díẹ̀ kù. Kò sí agbára ọwọ́ onídìrí kankan tó lè dá èyí dúró. Èyí tí a fà tí ojú fi ń ṣomi àti èyí tí a fi ẹ̀sọ̀ dì, bákan náà ni wọ́n á ṣe jìnnà sí awọ orí lọ́sẹ̀ kẹfà. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé ti àkọ́kọ́ á ti já nínú àwọn irun tó gbé e ró, iye irun tó kù láti di wífọ́ọ̀nù náà mú á ti dín kù, á sì tètè dẹ̀ ju ìkejì lọ. Agbára tí a fi wá pípẹ́ ló gba pípẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀rí kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn awọ ara wá, ó sì ti pẹ́ ju wífọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ lọ. Ní 1907 ni wọ́n ti ṣàkọsílẹ̀ irun tó ń pá nítorí fífà láàárín àwọn obìnrin Greenland, níbi tí yìnyín pọ̀ sí ní òkè ayé, nítorí pé wọ́n ń di irun wọn le sí òkè orí. Wọ́n tún ti rí i lára àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Sikh tí wọ́n ń kó irun jọ le sí àtàrí kí wọ́n tó wé láwàní. Nígbà yẹn ní 1907, kò tíì sí ohun tí à ń pè ní wífọ́ọ̀nù. Ọdún 1952 ni obìnrin adúláwọ̀ kan, Christina Jenkins, ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tó gbà ń hun irun títà mọ́ irun tó ń hù lórí ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní wífọ́ọ̀nù ló ń pa irun, kò mọ ẹni tó yẹ kó fẹ̀sùn kàn. Fífà ni. Fífà yìí lè wá láti ọwọ́ ẹni tó ń dì ṣùkú fún ọmọ ilé-ìwé, tàbí ẹni tó ń fi òwú kó irun, tàbí ẹni tó ń rán wífọ́ọ̀nù. Ìdí irun kò bìkítà bóyá àṣà àbáláyé ni tàbí ọ̀làjú.

Bí ìṣòro náà ṣe gbilẹ̀ tó nílẹ̀ Áfíríkà hàn nínú iṣẹ́ tí Ọ̀mọ̀wé Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Langa, ní Cape Town, tí wọ́n gbé jáde ní 2007 àti 2008. Nínú 100 àgbà obìnrin tí wọ́n yẹ orí wọn wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 32 tí irun ẹ̀bá orí wọn ti pá nítorí fífà. Láàárín ọkùnrin, méjì péré ni nínú 100. Láàárín àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 6 sí 21, ó ti tó 17 nínú 100. Wọ́n tún rí i pé ewu náà ga jù lọ́dọ̀ àwọn tó fi ìdìrí tó ń fà lé orí irun tí wọ́n ti fi ríláásà nà. Ó yẹ kí èyí dá wa dúró: ọmọ ọdún mẹ́fà kò yan ìdìrí fúnra rẹ̀. Àwa ni a ní kó fara dà á.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ? Ihò kéékèèké ni irun kọ̀ọ̀kan ti ń hù, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ihò náà. Bí a bá fà á ju bó ṣe yẹ lọ, ihò náà á bínú: awọ á pọ́n, á máa ro, á máa yún, èéwo wíwẹ́wẹ́ á sì yọ sídìí irun. Àwọn kan ń pe èéwo yìí ní ooru, wọ́n á da òróró lé e lórí. Ohùn tí awọ fi ń kígbe ni, òróró kò sì lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí a bá dẹ irun náà sílẹ̀ nígbà yìí, á padà bọ̀ sípò. Bí a bá ń fà á lọ láti oṣù dé oṣù, láti ọdún dé ọdún, ihò náà á di àpá, ibi tó bá sì ti di àpá kò ní hù irun mọ́, ìpara yòówù kí a fi pa á.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń sọ pé iwájú orí àwọn ti fẹ̀ láti ìbí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ wo iwájú orí àti ẹ̀bá etí. Bí ẹ bá rí ìlà irun kúkúrú, tẹ́ẹ́rẹ́, tó dá dúró níwájú, tí awọ sì ṣófo lẹ́yìn rẹ̀ kó tó di pé irun gidi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni irun yín wà tẹ́lẹ̀. Àwọn irun kúkúrú yẹn kéré jù fún ọwọ́ onídìrí láti mú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kù. Ní 2011, àwọn oníṣègùn awọ ara kọ ọ́ sílẹ̀ pé àmì tó wúlò ni fún mímọ irun tó pá nítorí fífà.

Àwọn mìíràn á gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n á ní kí obìnrin kúkú jáwọ́ nínú wífọ́ọ̀nù. Àwọn àgbà ti dáhùn: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wífọ́ọ̀nù tí a rán dáadáa lè fún irun ẹni ní ìsinmi lọ́wọ́ ooru iná àti ìyàrí ojoojúmọ́. Ohun tó kù ni ká mọ ohun tó ń mú un pẹ́ gan-an, àti ohun tó ń mú un jọ irun ẹni.

Ìdì abẹ́ ló ń mú un pẹ́. Kí irun mọ́, kí ó gbẹ, kí a sì ti yà á débi tí kò sí kókó nínú rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan án. Kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, tí a ti fi ríláásà sí i. Ẹ ní kí onídìrí dì í wẹ́wẹ́, nítorí ìdì tó sanra ló ń mú orí rí gúlúgúlú lábẹ́ wífọ́ọ̀nù. Tí ìdì bá tẹ́ẹ́rẹ́, á sùn pẹlẹbẹ láìjẹ́ pé a fà á. Kí ó tẹ́ ìrù àwọn ìdì náà káàkiri, kó má kó wọn jọ sí ìpàkọ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá rán nẹ́ẹ̀tì lé ìdì náà lórí, ẹrù wífọ́ọ̀nù á pín sórí gbogbo orí dípò kí ìlà irun díẹ̀ máa nìkan rù ú. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ìdì kọjá, kí òwú yí i ká, kó má gún irun inú rẹ̀ já. Irun wẹ́wẹ́ tó wà níwájú àti ní ẹ̀bá etí ni aláìlágbára jù lọ lórí ènìyàn; kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá, kí òwú kankan má kàn wọ́n.

Kí a tó rán ìlà àkọ́kọ́, ẹ dán ìdì abẹ́ náà wò. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé ìpéǹpéjú sókè. Ẹ tẹrí ba, kí ẹ sì yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wo awọ orí nínú dígí: bí ó bá gbé sókè ṣónṣó ní ìdí irun bí aṣọ àgọ́ tí òpó tì sókè, ó ti le jù. Ìgbà yẹn ló rọrùn láti tú u, kì í ṣe lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta.

Ní ti kó jọ irun ẹni, owó kọ́ ló ń pinnu rẹ̀, orúkọ tó wà lára páálí kọ́ sì ni. Ọjà kún fún irun tí wọ́n pè ní ti Brazil tàbí ti Peru, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ irun ènìyàn tó wà lórí igbá kárí ayé, Íńdíà àti Ṣáínà ló ti ń wá. Àwọn olùjọsìn ń fá irun wọn ní tẹ́ńpìlì Tirumala ní Íńdíà, tẹ́ńpìlì sì ń ta irun náà ní gbàǹjo. Ìlú Xuchang ní Ṣáínà gbajúmọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irun. Orúkọ Brazil tó wà lára páálí sábà máa ń jẹ́ orúkọ irú ìrísí tó ní.

Ẹ fọwọ́ wò ó dípò kí ẹ kà á. Irun ènìyàn ní ìpẹ́ tíntìntín lára bí ẹja. Bí ẹ bá fi ìka fà á láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, á yọ̀. Bí ẹ bá fà á padà, á máa kọ́ ìka díẹ̀. Bí gbogbo ìpẹ́ náà bá kọjú sí ọ̀nà kan, irun náà kò ní máa lọ́ mọ́ra. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi ásíìdì bó ìpẹ́ yìí, wọ́n á sì fi sílíkóònù bò ó kó lè máa dán. Irú èyí máa ń dán gbinrin lọ́jọ́ tí a rà á, tí a bá fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta á di gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá irun ènìyàn ni, ẹ fi iná sí ẹyọ kan: irun ènìyàn á rùn bí ìyẹ́ adìẹ tó jóná, á di eérú tó ń fọ́, irun oníke á yọ́, á sì dì di kókó líle.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo irun tiyín. Ohun tó ń tú àṣírí wífọ́ọ̀nù ni pé irun tí a fi sílẹ̀ láti bò ó kò jọ ọ́. Ẹni tí kò fi ríláásà sí irun, tó wá ra irun tó nà tó ń dán bí sílíìkì, á máa fi iná na irun iwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ kí méjèèjì lè bára mu, ibẹ̀ ni irun náà á ti jóná. Ẹ ra èyí tó le díẹ̀, tí ìrísí rẹ̀ jọ irun adúláwọ̀ tí a fẹ́, ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kó gùn jù. Ìdìpọ̀ kan sábà máa ń wọn nǹkan bí 100 gíráàmù, omi á sì tún fi kún un nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́. Mẹ́ta ti di 300 gíráàmù tó rọ̀ mọ́ ìdí irun ní ọ̀sán àti ní òru. Èyí tó dé èjìká, tí ìdìpọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, fúyẹ́ lórí, ojú sì tètè gbà á gẹ́gẹ́ bí irun ẹni tó ń lò ó.

Ìtọ́jú kò ṣòro. Ẹ máa fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì síra. Ẹ po ọṣẹ irun mọ́ omi nínú ìgò ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí ẹ máa tú u sáàárín ìlà ìdì, kí ẹ fi ìka rọra fọ awọ orí, kí ẹ sì ṣan án títí omi á fi mọ́. Gbígbẹ ìdì abẹ́ ṣe pàtàkì ju fífọ̀ lọ, pàápàá lásìkò òjò tiwa, nítorí ìdì tó tutù sínú máa ń rùn, á sì máa fa ìyún. Ẹ má sùn pẹ̀lú rẹ̀ ní tútù. Àdí àgbọn díẹ̀ láàárín ìlà ti tó. Kò pọn dandan kí orí máa ṣàn fún òróró. Tí ẹ bá fẹ́ yà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, kí ẹ máa gòkè. Lálẹ́, ẹ dì í ní méjì dẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìborí sátíìnì bò ó. Bí òde bá sì dé, ẹ rántí pé gèlè tó gan tí a wé le láti àárọ̀ dalẹ́ ń fa iwájú orí kan náà tí wífọ́ọ̀nù ń fà.

Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ tú u. Irun tuntun ti gbé ìdì kúrò nílẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sì ti ń mì lórí ìdí irun tí kò lágbára. Ẹ gé òwú, ẹ má gé irun. Ẹ má sì bẹ̀rù òkìtì irun tó bá jáde: ènìyàn ń pàdánù irun bí 50 sí 100 lóòjọ́, inú ìdì ni wọ́n há sí. Fún ọjọ́ 42, ó lè tó 2,100 sí 4,200. Ẹ kọ́kọ́ yà wọ́n jáde kí omi tó kàn án, kí ó má baà di kókó. Kí irun sinmi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó rán òmíràn.

Gbogbo èyí kò ní wúlò bí a kò bá lè la ẹnu lórí àga onídìrí. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ ká dìrí lẹ́yìn olórí. Kò sí àrífín nínú kí ọmọ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ń dùn mí, ẹ bá mi dẹ ẹ́." Onídìrí tó bá mọ iṣẹ́ kò ní bínú, nítorí orí tó bá pá kò ní padà wá dìrí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mú ọmọ dání, ẹ bá wọn sọ ọ́. Ọmọ tí a bá kọ́ pé ìrora ni owó orí ẹwà á gbà á gbọ́ títí irun iwájú rẹ̀ á fi sá lọ.

Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fi rọ́pò ti àtijọ́ yẹn, ó sì ti wà lẹ́nu àwọn àgbà tipẹ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá sọ fún ọmọbìnrin tó wà lórí àga pé kó fara dà á, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ìyẹn dípò rẹ̀.